Agogo Olórí D

Bí ẹ bá mọ ọkùnrin kan tó fẹ́ràn obìnrin débi pé kì í jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀, kó má baà rẹ̀ wọ́n lẹ́nu, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ kà á sínú. Bó bá bi yín pé kí lẹ ń rín, ẹ ní ikọ́ ni.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ni ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ gíga kan, níbi tí àwọn tó ti gboyè tẹ́lẹ̀ ti ń wá gba òmíràn lórí ipò obìnrin àti ọkùnrin: nínú òfin, nínú ìṣègùn, nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ, níbikíbi tí èèyàn méjì bá ti pàdé tí ọ̀kan sì ń bu omi fún èkejì. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti wà lórí àga náà. Orúkọ tí wọ́n ń pè é ni Baba Ẹ̀tọ́. Ó ní àwọn obìnrin ló fún òun lórúkọ náà. Nígbà tí wọ́n bi í pé àwọn obìnrin wo, ó ní wọ́n pọ̀.

Àkọlé mẹ́ta ló wà lára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀. Ti òkè ní: Ẹ KAN ILẸ̀KÙN. Ti àárín ní: Ẹ DÚRÓ. Ti ìsàlẹ̀, tí wọ́n fi wúrà kọ, ní: OHÙN OBÌNRIN ṢE PÀTÀKÌ. Bí ẹ bá wọlé, ẹ ó rí tábìlì ìpàdé gígùn kan pẹ̀lú àga méjìlá. Àga tirẹ̀ ga ju mọ́kànlá tó kù lọ ní ìka mẹ́rin. Ẹ má rò pé ó gbé tirẹ̀ ga o. Ó ní ìyẹn á jọ ìgbéraga. Ńṣe ló pe káfíńtà, tó ní kó fi ayùn gé ẹsẹ̀ àwọn yòókù.

Agogo idẹ kékeré kan wà lórí tábìlì náà, kò ju ife lọ. Bó bá lù ú lẹ́ẹ̀kan, omi ló ń fẹ́. Bó bá lù ú lẹ́ẹ̀mejì, tíì ni. Bó bá lù ú lẹ́ẹ̀mẹta, Akọ̀wé gbọ́dọ̀ wá sọ aago tó lù fún un, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ ni aago ara ògiri wà, kò sì yẹ kí ọ̀gá máa yí ọrùn kiri.

Akọ̀wé jẹ́ obìnrin àgbà tó ku oṣù mọ́kànlá kó fẹ̀yìn tì. Ó fi ọdún mẹ́ta ju Baba Ẹ̀tọ́ lọ, ṣùgbọ́n "ìwọ" ni Baba Ẹ̀tọ́ ń pè é. "Ẹ" wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Gíwá, olórí gbogbo yunifásítì náà, nìkan ló ń rí i gbà.

Gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé ni ìpàdé. Ìpàdé kì í bẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé olùkọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Bẹ́ẹ̀-ni-sà ti dìde.

"Sà," ni Bẹ́ẹ̀-ni-sà wí ní ọjọ́ Ajé kan, "àná ni mo sọ fún ìyàwó mi pé bí obìnrin bá ní ẹni mẹ́ta bíi tiyín láyé yìí, wọn ò ní nílò ẹ̀tọ́ mọ́."

"Kí ló sọ?"

"Mi ò tíì jẹ́ kó sọ nǹkan kan, sà."

"Ó dáa. Jókòó."

Igbákejì ọ̀gá, obìnrin onímọ̀ ẹ̀rọ kan tó ti kọ́ afárá mẹ́ta kó tó wá di olùkọ́, na ọwọ́. "Mo ní àbá kan nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ìwé wọn ti—"

"Àbá rẹ dáa," ni Baba Ẹ̀tọ́ wí. "Jẹ́ kí n bá ọ sọ ọ́."

Ó bá a sọ ọ́. Nígbà tó fi máa parí, àbá náà ti di pé kí wọ́n tún ya fọ́tò rẹ̀ tó wà ní ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n mú un tóbi díẹ̀. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Lọ́jọ́ yẹn náà ló pàṣẹ pé gbogbo ọjọ́rú á máa jẹ́ Ọjọ́ Ohùn Obìnrin. Obìnrin tó bá ní ọ̀rọ̀ á kọ ọ́ sílẹ̀ ní ẹ̀dà mẹ́ta, á fi í ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, Baba Ẹ̀tọ́ á sì fi ohùn tirẹ̀ kà á jáde, kó lè dún dáadáa.

Ní ìsàlẹ̀ tábìlì, lórí àga tó kúrú jù, obìnrin kan ń kọ nǹkan sínú ìwé. Kò gbójú sókè. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè é, nítorí ọdún méjìdínlógún ló fi gbẹ̀bí kó tó wá kàwé. Ọdún méjì gbáko ló fi ń jókòó síbẹ̀ lọ́jọọjọ́ Ajé. Baba Ẹ̀tọ́ ló fọwọ́ ara rẹ̀ buwọ́ lùwé pé kó máa wá, torí ó rò pé àwọn ọ̀rọ̀ ọgbọ́n òun ló ń kọ sílẹ̀ fún ìran tó ń bọ̀. Kò jìnnà sí òtítọ́. Ọ̀rọ̀ náà ló ń kọ, ó sì ń fi aago ka iye ìṣẹ́jú tó gbà.

Ọdún méjì yẹn parí, ìwé ìwádìí Nọ́ọ̀sì náà sì parí. Oṣù mẹ́rìnlá ló ti wà lórí tábìlì Baba Ẹ̀tọ́, pẹ̀lú fọ́ọ̀mù ìfọwọ́sí tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ agogo kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e. Òfin yunifásítì náà ò ṣòro lóye: ọdún méje ni wọ́n fún akẹ́kọ̀ọ́. Ti Nọ́ọ̀sì máa pé ní ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́rin ọ̀sán. Bí fọ́ọ̀mù náà ò bá ní ìfọwọ́sí ọ̀gá rẹ̀ nígbà náà, wọ́n á pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, ọdún méje á di ìtàn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó wà ní kíláàsì kẹrin nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ti ń múra àtiwọ yunifásítì.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ náà, ó kan ilẹ̀kùn, ó dúró, ó ka àkọlé kẹta, ó sì wọlé.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

"Ta nìyẹn?" Ọdún keje rèé tí wọ́n jọ ń ríra.

"Nọ́ọ̀sì ni, sà. Mo wá nítorí ìwé mi."

"Ìwé yẹn wúwo."

"Ọ̀ọ́dúnrún ojú ìwé ni, sà."

"Mo ní ó wúwo. Mo gbé e wò." Baba Ẹ̀tọ́ fẹ̀yìn ti àga. "Òǹkà ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. O kàn ń ka èèyàn bí ẹni ń ka aṣọ alágbàfọ̀. Níbo ni orúkọ mi wà níbẹ̀?"

"Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni, sà. Lẹ́tà ni mo fi pe gbogbo ibi tí mo lọ. Ibùdó A, Ibùdó B, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ìyẹn gan-an ló bà á jẹ́! Lọ fi orúkọ mi sí i, kí o padà wá."

"Níbo nínú rẹ̀, sà?"

"Ibi tó bá ti yẹ."

Nọ́ọ̀sì ronú sí ibi tó ti yẹ. "Òfin ìwádìí ò gbà á, sà," ló wí nígbẹ̀yìn. "Ẹ dákun, ọjọ́ Ẹtì ni."

Baba Ẹ̀tọ́ lu agogo lẹ́ẹ̀mẹta. Akọ̀wé wọlé, ó ní aago mọ́kànlá ti lù. Ìpàdé parí nìyẹn.

Báyìí, ẹ jẹ́ ká ṣàánú rẹ̀ díẹ̀, nítorí òun náà ní ìṣòro tirẹ̀. Àga kan ṣẹ́kù tó ga ju tirẹ̀ lọ ní agbègbè yẹn: àga Olórí Gbogbo Ẹ̀kọ́ Gíga, ó sì ṣófo. Gíwá ti ní kó wá sọ̀rọ̀ ní gbàgede ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan náà, kí gbogbo ayé lè wò ó bóyá ó tó àga náà jókòó. Gíwá kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Lẹ́tà rẹ̀ kò ju ìlà mẹ́ta lọ: "Ẹ má sọ èyí tí ẹ ti sọ fún ọdún mẹ́jọ. Ẹ mú ìwádìí wá. Kí òǹkà wà nínú rẹ̀."

Òǹkà! Baba Ẹ̀tọ́ wo àjà, kò sí òǹkà níbẹ̀. Ó wo inú àpótí rẹ̀, ó bá ọ̀rọ̀ àtijọ́ náà, ojú ìwé méjì, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ̀ ọ́n sórí débi pé wọ́n ń bá a kà á. Ojú rẹ̀ wá bọ́ sórí ìwé tó wúwo. Ó ṣí i. Orí kẹrin ni ọwọ́ rẹ̀ bà, òǹkà sì kún ibẹ̀ bí èèrà. Ó ka ìlà mẹ́rin àkọ́kọ́. Wọ́n dáa. Ó sì mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé ohun tó bá dáa, òun ló yẹ kó sọ ọ́.

Ó lu agogo.

"Tẹ orí yìí fún mi," ló sọ fún Akọ̀wé. "Kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi, kí n má baà wo bébà jù. Kọ orúkọ mi sókè."

Akọ̀wé gba ìwé náà, ó wo ojú ìwé kejì, ó wo ìkẹta. Ó wo ọ̀gá rẹ̀. "Ṣé ẹ ti kà á tán, sà?"

"Mo ti wò ó. Má yọ nǹkan kan kúrò."

"Mi ò ní yọ nǹkan kan, sà," ni Akọ̀wé wí. Nínú ọgbọ̀n ọdún tó fi ṣiṣẹ́, kò sí ìlérí tó tún mú ṣẹ pẹ̀lú ìtọ́jú tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì pé. Gbàgede kún. Aago mẹ́wàá ni Bẹ́ẹ̀-ni-sà gbé báàgì ọ̀gá rẹ̀ wọlé, tó gbé ìwé rẹ̀, tó sì gbé agogo rẹ̀ nínú àpò àrán, nítorí Baba Ẹ̀tọ́ kì í rìn láìsí i. Ó tò wọ́n sórí tábìlì ìsọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ló fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ka àwọn oyè: Igi Àràbà Tó Ń Ṣíji Bo Obìnrin, Etí Tí Kì Í Di, Ọkùnrin Tí Irùngbọ̀n Nìkan Ló Yà Á Sọ́tọ̀. Gíwá wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ní ìlà ẹ̀yìn, Nọ́ọ̀sì jókòó pẹ̀lú báàgì lórí ẹsẹ̀. Ó wá bóyá òun á rí ọ̀gá náà mú lẹ́nu ọ̀nà. Kò tó wákàtí mẹ́fà mọ́ tó kù fún un.

Baba Ẹ̀tọ́ bẹ̀rẹ̀ sí kà. Ní ìlà kẹta, Nọ́ọ̀sì gbé orí sókè. Ní ìlà kẹrin, ó dìde díẹ̀. Akọ̀wé, tó jókòó ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, fà á láṣọ.

"Jókòó, ọmọ mi," ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Jẹ́ kó dé Ibùdó D."

"Ní Ibùdó A," ni Baba Ẹ̀tọ́ ń kà, "níbi tí àwọn oníṣègùn ti ń ṣèpàdé, ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún péré nínú ọgọ́ta ni obìnrin fi sọ̀rọ̀." Ó yọ awò ojú rẹ̀. "Ìtìjú!" Wọ́n pàtẹ́wọ́. Láàárín àwọn amòfin ní Ibùdó B, ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá péré ni ti obìnrin. "Ìtìjú ńlá!" Àtẹ́wọ́ pọ̀ sí i. Kò tíì sọ̀rọ̀ tó dùn mọ́ èèyàn báyìí rí, ó sì ń yà á lẹ́nu pé òun ní ọgbọ́n tó bẹ́ẹ̀.

"Ibùdó D ló wá burú jù nínú gbogbo wọn. Ìpàdé kan wáyé níbẹ̀ tí wọ́n pè láti fún obìnrin lóhùn. Ó gba àádọ́fà ìṣẹ́jú. Olórí D nìkan fi mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ìgbà mẹ́sàn-án ni obìnrin la ẹnu. Ìgbà mẹ́jọ ni Olórí D gba ọ̀rọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. Ìgbà kẹsàn-án, ó jẹ́ kí obìnrin náà parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni: 'Tíì ti dé, sà.'"

Ẹ̀rín bú láti ìlà kejì níbi tí àwọn olùkọ́ rẹ̀ jókòó sí, ó sì tàn dé ẹ̀yìn. Baba Ẹ̀tọ́ na ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ rín in, ẹ̀yin èèyàn mi! Ó tó ẹ̀rín rín! Báwo ni èèyàn ṣe máa wà láàárín obìnrin ọlọ́pọlọ, tí kò ní jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀?"

Igbákejì na ọwọ́ láti iwájú. "Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ béèrè—"

"Jókòó! Ṣé o ò rí i pé mò ń gbèjà rẹ?"

Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í rí tẹni. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kà á ti mọ̀. Ìlà kejì ti mọ̀. Gíwá, tí kì í rẹ́rìn-ín, ti mú áńkáṣífù jáde. Bẹ́ẹ̀-ni-sà pàápàá ti mọ̀, òógùn sì ń já lára rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀gá rẹ̀. Ó wúkọ́. Ó wúkọ́ sí i. Ó wúkọ́ bí ẹni tí eegun há lọ́nà ọ̀fun.

"Ẹ fún ọkùnrin yẹn lómi," ni Baba Ẹ̀tọ́ wí, ó sì ń kà á lọ. "Àga Olórí D fi ìka mẹ́rin ga ju ti àwọn yòókù lọ. Olùṣèwádìí fi tépù wọ̀n ọ́n. Kì í ṣe pé wọ́n gbé àga rẹ̀ ga o. Ẹsẹ̀ àwọn àga tó kù ni wọ́n gé."

Nǹkan kan fò kọjá lọ́kàn rẹ̀ bí eṣinṣin. Ó fọwọ́ lé e.

"Ẹ gbọ́ ìwà ìkà!" ló pariwo. "Ó gé ẹsẹ̀ àga!"

Gíwá gbé ọwọ́ sókè. Gbàgede dákẹ́. "Ọ̀gá," ló wí, "kí lẹ rò pé ó yẹ ká ṣe fún irú ẹni bẹ́ẹ̀?"

Baba Ẹ̀tọ́ rí àga Olórí Gbogbo Ẹ̀kọ́ Gíga níwájú rẹ̀, tìmùtìmù ń dán lórí rẹ̀. Ó gbá tábìlì.

"Kó kúrò! Lónìí, kì í ṣe lọ́la! Ẹ gba àga náà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí ìsàlẹ̀ tábìlì, kó máa kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé fún ọdún kan gbáko, kó lè gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ṣe ń dún. Bí mo bá sì yí ọ̀rọ̀ yìí padà, ẹ má pè mí ní Baba Ẹ̀tọ́ mọ́!"

Ẹyin lohùn, èyí tó bọ́ sílẹ̀ yìí tó ti ògòǹgò. Gíwá tẹrí ba díẹ̀, ó ní, "A dúpẹ́." Ó kọ nǹkan sílẹ̀.

Irú ìgbóná ọkàn bẹ́ẹ̀ a máa gbẹ ọ̀nà ọ̀fun. Baba Ẹ̀tọ́ na ọwọ́ sínú àpò àrán láìwo ibẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án. Ó fa agogo jáde, ó lù ú lẹ́ẹ̀kan.

Kò sẹ́ni tó mira. Akọ̀wé jókòó, ó ká ọwọ́ gbera. Gbogbo gbàgede ń wo agogo náà. Baba Ẹ̀tọ́ tún un lù, ó sì sọ ojú sílẹ̀ sórí bébà láti máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Lẹ́tà náà tóbi, bó ṣe ní kí wọ́n ṣe é. Ẹnu rẹ̀ ti ka ìlà náà jáde kí ọkàn rẹ̀ tó dé ibẹ̀:

"Bí òùngbẹ bá ń gbẹ Olórí D, kì í dìde. Agogo ló máa ń lù."

N ò lè ṣàpèjúwe ẹ̀rín ọjọ́ náà fún yín. Wọ́n ní ẹni tó ń tún òrùlé ilé kejì ṣe sọ̀kalẹ̀ wá wò ó bóyá ògiri ló wó. Baba Ẹ̀tọ́ wo agogo. Ó wo bébà. Ó fi agogo sẹ́yìn bí ọmọ tó jí ẹran lábẹ́ ìkòkò, ó sì dún lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, Gíwá béèrè pé, "Ta ló kọ ìwé yìí?"

"Ìwádìí... ìwádìí wa ni, sà. Ti èmi gan-an—"

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà." Nọ́ọ̀sì ti dìde. Ohùn rẹ̀ kò ga. "Orí kẹrin ìwé mi ni. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ojú ìwé àádọ́fà. Oṣù mẹ́rìnlá ló ti wà lọ́dọ̀ wọn."

Baba Ẹ̀tọ́ kì í ṣe òmùgọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún ọ̀gá tó jí iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́: wọn kì í gba àga lábẹ́ onítọ̀hún, ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń lé e kúrò. Ojú rẹ̀ tàn lójijì.

"Ọmọ mi! Ọmọ ẹ̀kọ́ mi ni, sà! Mo fẹ́ dárúkọ rẹ̀ ní ìparí ni. Iṣẹ́ rẹ̀ wù mí débi pé mo ní kí ayé gbọ́ ọ. Mo ti gba ìwé rẹ̀ wọlé tipẹ́!"

"Ẹ ti fọwọ́ sí i?"

"Pátápátá, sà!"

"Níbo?"

Akọ̀wé ti ń bọ̀ ní àárín àwọn àga, bàtà rẹ̀ ń dún kò-kò-kò. Ó tẹ́ bébà kan sórí tábìlì ìsọ̀rọ̀. Àpá ìdí agogo ti hàn lára rẹ̀, ó rí roboto bí òǹtẹ̀. "Fọ́ọ̀mù rèé, sà. Ó ní àwọn ọ̀rọ̀ kan lára."

"Ẹ kà á fún wa," ni Gíwá wí.

Akọ̀wé gbé awò rẹ̀ sójú. "'Mo ti ka ìwé yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo jẹ́rìí sí i pé òtítọ́ ni gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀.'" Ó gbé kálàmù fún un. "Ìsàlẹ̀ ibí, sà."

Bó bá fọwọ́ sí i, ó ti jẹ́rìí pé òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ Olórí D. Bí kò bá fọwọ́ sí i, olè ni. Bẹ́ẹ̀-ni-sà ti gbé báàgì sílẹ̀, ó ti lọ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Igbákejì, ó ń sọ fún un pé ó ti pẹ́ tí òun ti mọ̀ pé afárá ló gba ọgbọ́n jù. Baba Ẹ̀tọ́ wo òkè, ó wo ìsàlẹ̀. Ó buwọ́ lù ú. Ìfọwọ́sí rẹ̀, tó máa ń gba ìdajì ojú ìwé tẹ́lẹ̀, kò ju èékánná lọ lọ́jọ́ náà.

Aago mọ́kànlá ku ogún ìṣẹ́jú ni Nọ́ọ̀sì gba fọ́ọ̀mù náà. Kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó gba ẹnu ọ̀nà jáde, ó ń sáré bí ẹni tí wọ́n pè sí ìrọbí.

"Ní ti Olórí D," ni Gíwá wí, ó ń ká áńkáṣífù rẹ̀, "ẹ ti bá wa dá ẹjọ́ rẹ̀. A ò ní fi ọ̀rọ̀ kan kún un."

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Igbákejì ló darí ìpàdé. Káfíńtà ti wá. Àga kan péré ló kù tí kò tíì gé tẹ́lẹ̀, ó sì ti gé e. Wọ́n tọ́ka àga ìsàlẹ̀ fún Baba Ẹ̀tọ́, wọ́n fún un ní ìwé àti kálàmù. Ọ̀rọ̀ kárí tábìlì títí ó fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, Igbákejì sì ní, "Ẹ ní nǹkan láti sọ?" Gbogbo wọn dákẹ́, wọ́n yíjú sí i, wọ́n fún un láyè dáadáa. Kò sẹ́ni tó gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó la ẹnu. Ó wá inú rẹ̀ títí, kò rí nǹkan kan. Ó kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ pé kò sí.

Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ó dìde, ó lọ sídìí kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbé omi kaná, ó bu tíì sínú ife. Ó ṣí ilẹ̀kùn kan, ó tì í. Ó ṣí òmíràn. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi mu tíì nínú yàrá yẹn. Nígbẹ̀yìn ó yíjú sí Akọ̀wé.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," ló wí, "níbo ni ṣúgà máa ń wà?"

Akọ̀wé ò dìde. Ó fi ẹnu kálàmù tọ́ka sínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ṣí sílẹ̀ náà.

"Ẹ gbé agogo yẹn kúrò, ẹ ó rí i lẹ́yìn rẹ̀."